Òǹkà Tó Kọ̀ Tí Kò Padà sí Òdo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò láti ìdájí. Mi ò tíì bọ́ kóòtù òjò tí ọ̀gá wa fi ní kí n wá rí òun. Ẹ̀rọ ilé ìpè pàjáwìrì tún dákú lánàá, ẹ̀ẹ̀kẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, kì í ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Tàná gba ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, lẹ́yìn náà ó jí fúnra rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ìwọ lo mọ inú kẹ́nẹ́lì, gbòǹgbò ètò tó ń darí ẹ̀rọ wọn, jù," ọ̀gá wí. Ó ń fi síbí po tíì tí kò fi ṣúgà sí. "Wá ohun tó ń dá a kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún wa. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á kó iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn, èmi gan-an ò sì ní bá wọn jà."

Mo ní ó dáa, mà. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí orí mi tó gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo bá obìnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ò ga rárá. Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ó ní òun jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ìpè lọ́jọ́ Àìkú. Ọkùnrin kan ń sọ pé, "Ìyá mi ò mí dáadáa mọ́, ilé wa wà ní…" Ohùn náà já. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí ẹ̀rọ fi jí, nọ́ńbà ọkùnrin náà ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Títí di òní wọn ò mọ ilé ta ni.

"Bóyá ó tún pè. Bóyá wọ́n gbé ìyá náà lọ fúnra wọn. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀, mà."

Mo ní mo gbọ́. Mo wá ní kó tan Oníkóríta sílẹ̀, ètò tó ń rántí ibi tí ọpọlọ ẹ̀rọ ń yà sí, kó lè jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá tún dákú, a ó rí ibi méjìlélọ́gbọ̀n tó yà sí kẹ́yìn.

"A ti gbìyànjú ẹ̀, mà. Ó kọ̀. Ó ní ẹlòmíràn ń lo àyè náà. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń lò ó. Bí a bá pa ẹ̀rọ tí a tún tan án, á gbà fún wákàtí díẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì á tún kọ̀. Ẹ mọ̀ pé a ò lè máa pa ẹ̀rọ ìpè lójoojúmọ́."

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi, kí n má purọ́ nínú ìwé tèmi. Oníkóríta kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin tí à ń pè ní Rárá ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Màmá mi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún lé àpótí, ó ń tú ojú ìrán aṣọ kan tí òun fúnra rẹ̀ rán. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní òun máa lò lọ́dọ̀ wa; láti oṣù kẹta ló ti wà níbí.

"Kí lo ń bú ẹ̀rọ yẹn fún?"

"Mi ò bú ẹ̀rọ, Màmá. Ènìyàn ni mo ń bú."

Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tó lè gbà rántí ohun tó ti ṣe. Ọ̀kan ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kì í fo ẹyọ kan. Òun ni Akọ̀wé, èmi ni mo kọ kóòdù tó ń darí rẹ̀ nínú kẹ́nẹ́lì. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ mẹ́mórì bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ; ẹ ò lè fi í sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń gba ìpè láti àárọ̀ dalẹ́. Èkejì ò wúwo. Ibi tó yà sí kẹ́yìn nìkan ló ń rántí. Òun ni Oníkóríta.

"Kí ló dé tí wọn ò lo méjèèjì?"

"Ibì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí nínú irú ọpọlọ tí wọ́n ní níbẹ̀. Bí méjèèjì bá jí pọ̀, ẹ̀rọ á kú pátápátá."

"Bí èmi àti orogún mi."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo wá fi aṣọ́nà sí ẹnu ọ̀nà. Bí Akọ̀wé bá wọlé, aṣọ́nà á fi oókan kún òǹkà. Bó bá jáde, á yọ oókan. Bí òǹkà Akọ̀wé ò bá sí ní òdo, Oníkóríta ò gbọdọ̀ wọlé. Oníkóríta náà ní òǹkà tirẹ̀."

"Aṣọ́nà yẹn, ó mọ ìṣirò?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ, Màmá."

"Ó dáa nígbà náà." Ó padà sídìí ìránṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo kọ lẹ́tà sí gbàgede, níbi tí gbogbo àwa tí a ń kọ kẹ́nẹ́lì ti ń ka lẹ́tà ara wa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú. Mo ní Oníkóríta ń sọ pé àyè ti kún nígbà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, kí ẹni tó ni ín jọ̀wọ́ wá yẹ kóòdù rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tútù ni mo fi bò ó lórí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀.

Rárá ni gbogbo wa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òun ni ìdáhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ sí ohunkóhun. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é nígbà tí a jọ ń lo tábìlì kan. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú ìpàdé, ó ní aṣọ́nà mi ti le jù, pé lọ́jọ́ kan á tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀. Mo dáhùn níwájú ogún ènìyàn pé ohun ìṣeré ọmọdé ni Oníkóríta rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé tìtorí mi ni. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kì í ṣe tìtorí mi.

Ó ṣì ń bójú tó Oníkóríta láti ilé rẹ̀. Kò sí àtúnṣe tó lè kan ẹnu ọ̀nà yẹn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìdáhùn Rárá: "Rárá. Wo tìẹ. Ibi tí mẹ́mórì tán."

Òun nìyẹn. Kò kí mi. Mo fi han ọkọ mi níbi tó ti ń ṣàmì sí ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Ó gbà ẹ́ nímọ̀ràn nìyẹn."

"Ó gbá mi létí nìyẹn."

"Bóyá méjèèjì ni," ó wí, ó sì padà sídìí ìṣirò àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ka kóòdù rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mi ò rí nǹkan kan. Ooru mú, fèrèsé ò ṣeé ṣí nítorí àwọn tó ń lu kọnkéré lójú pópó. Búrẹ́dì ti tún gbówó lórí, ó sì ti kéré sí i, bí ẹni pé a ò ní rí i. Mo jágbe mọ́ Màmá lórí ọ̀rọ̀ àwo tíì kan tí ó gbé síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo kọ ètò kékeré kan tó ń tan Oníkóríta tó sì ń pa á, ẹgbẹ̀rún ìgbà. Òǹkà padà sí òdo. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ìgbà: òdo. Mo ṣe é pẹ̀lú Akọ̀wé náà: òdo. Mo dìde, mo rìn yíká tábìlì. Mo jókòó. Mo tún dìde. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n lọ rìn nínú ọgbà kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Kò kan tirẹ̀. Ìyẹn dá mi lójú báyìí. Mi ò fẹ́ kó dá mi lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Mo gba mẹ́mórì lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìdánwò díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí èyí tó lè fún ẹnikẹ́ni, mo wá ní kí Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé kọ̀, bó ti yẹ, kò sí mẹ́mórì. Mo wo òǹkà.

Oókan.

Kò sí Akọ̀wé nínú ilé, ṣùgbọ́n aṣọ́nà gbà pé ó wà níbẹ̀. Mo tún un ṣe. Eéjì. Mo tún un ṣe. Ẹẹ́ta.

Ìlà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Kóòdù mi á kọ́kọ́ gba àyè lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló tó máa béèrè mẹ́mórì. Bí wọ́n bá ní mẹ́mórì tán, á yí padà lọ sílé láìsọ fún aṣọ́nà. Ilé ìpè náà sì ní àyẹ̀wò kan tó ń tan Akọ̀wé fún ìṣẹ́jú kan láràárọ̀. Bí mẹ́mórì bá há lọ́jọ́ kan péré, òǹkà á dúró sí oókan, Oníkóríta ò sì ní wọlé mọ́ títí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ. Gbogbo bí ẹ̀rọ ti ń dákú tí a ò sì rí ìdí rẹ̀, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ó ní á tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀.

Mi ò sọ fún ọ̀gá. Mi ò pe obìnrin ilé ìpè. Mo ní kí n kọ́kọ́ tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbàgede. Orí rẹ̀: "Àtúnṣe kékeré sí ẹnu ọ̀nà." Mi ò sọ ẹni tó ni àṣìṣe. Mo kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

"Rárá. O dá a padà lẹ́ẹ̀mejì."

Mi ò tíì parí bíbínú tí ẹ̀rọ ìdánwò fi kú. Kì í ṣe dídákú o, ó kú: ojú rẹ̀ dúdú, fáànù inú rẹ̀ ń fọn bí ẹni tí inú ń bí. Mo rí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Mo ti kọ́ kóòdù láti dá àyè padà bí mẹ́mórì bá tán, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ tó ń kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́yìn Akọ̀wé tún dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Òǹkà lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Nígbà tí Akọ̀wé mìíràn wọlé, òǹkà gòkè sí òdo, aṣọ́nà rò pé ilé ṣófo, ó ṣí ilẹ̀kùn fún Oníkóríta. Àwọn méjèèjì pàdé.

Ká ní orí ẹ̀rọ ìpè ni mo fi èyí sí ńkọ́? Mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Lẹ́tà láti ilé ìpè, ìlà kan: "Ó tún dákú láàárọ̀ yìí, àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, Oníkóríta kò ṣiṣẹ́, a ò rí nǹkan kan mú."

Ọjọ́ márùn-ún ni mo ti fi mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo lọ bá ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí n pe obìnrin náà níwájú òun. Mo pè é.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Láti ọjọ́ Ẹtì ni ẹ ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, ǹ bá ti tọrọ àṣẹ pé kí a pa ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ká tún tan án, ká sì dá àyẹ̀wò àárọ̀ dúró. Oníkóríta ì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ àná." Kò gbé ohùn sókè. Ì bá sàn kó gbé e. "Ẹ jẹ́ kí n lọ tọrọ rẹ̀ báyìí."

Nígbà tí mo fẹ́ jáde, mo ní ohun tó ń dùn mí jù ni pé Rárá ò tilẹ̀ kà mí sí ẹni tí èèyàn ń kọ gbólóhùn pípé sí.

Ọ̀gá wò mí. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Rọpárọsẹ̀ kọlù ú lọ́dún tó kọjá. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́. Ìka ọwọ́ òsì kan ló fi ń tẹ gbogbo ohun tó ń kọ."

Mo jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin fún bí ogún ìṣẹ́jú. "Wo tìẹ. Ibi tí mẹ́mórì tán." Mo fi ìka òsì kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo kọ ọ́ sí gbàgede. Mo dà á kọ síbí nítorí mi ò fẹ́ gbàgbé bí mo ṣe kọ ọ́:

"Ní ọjọ́ keje oṣù yìí mo kọ̀wé síbí pé Oníkóríta ló ń di ọ̀nà mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòdù tèmi ló ń gba àyè tí kì í dá padà nígbà tí mẹ́mórì bá tán. Ẹni tó ni Oníkóríta sọ fún mi ní ọjọ́ kejì, mi ò sì fẹ́ gbọ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ó sọ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ènìyàn. Nígbà tí mo wá rí àṣìṣe mi, mo fi í pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó sì pa àwọn mìíràn lára. Àtúnṣe mi ti ọjọ́ Ajé léwu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni má lò ó. Mo tọrọ àforíjì."

Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, mo gbé e kúrò, mo tún gbé e lé e. Ọkọ mi na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́ fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Rárá ò dáhùn. Àwọn ará ilé ìpè rí àṣẹ gbà láti dá àyẹ̀wò àárọ̀ dúró, ọjọ́ mẹ́ta péré, nítorí òfin wọn. Ọjọ́ kẹta náà nìyí, ẹ̀rọ ò sì tíì dákú. Ọ̀la ni àyẹ̀wò padà. Mo nu inú fíríìjì láìjẹ́ pé ó dọ̀tí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí lágogo mẹ́wàá àárọ̀.

"Èmi ni." Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé omi kíkún.

"Ẹ̀gbọ́n." Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn.

"O kọ̀wé gígùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò yẹ kó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ mí kí n tó kà á tán."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìpàdé yẹn…"

"Fi sílẹ̀. Mo fi odindi ọdún kan bínú sí ọ. Ìgbà tí àìsàn dé, mi ò ráyè ìbínú mọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Níbo lo ti ń gba àyè?"

"Níbẹ̀rẹ̀ pátápátá, sà."

"Kí ló dé?"

Kò sí ẹni tó bi mí rí. Mo ronú. "Mi ò fẹ́ kí Oníkóríta yín ṣáájú mi wọlé."

Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé oògùn rẹ̀ ti tó lò. Ó ní kó dúró ná.

"Gba àyè kẹ́yìn," ó wí. "Wá mẹ́mórì, wá gbogbo ohun tí o nílò, kó o tó kan ilẹ̀kùn. Bó bá kún, kó ẹrù rẹ, padà. Ẹni tó bá gba àyè ni kó dá a padà. Má fi sílẹ̀ fún agbálẹ̀."

Mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àpòòwé kan, nítorí kò sí ìwé lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó ń sọ, mo ń tẹ̀. Wákàtí mẹ́ta lánàá, méjì lónìí. Ó rí àṣìṣe mi nípa gbígbọ́: bí mo bá ka ìlà kan sí i létí tó sì dákẹ́, mo ti mọ̀ pé ó burú. Mo rí ọ̀kan nínú tirẹ̀ náà, ibi tí Oníkóríta ti ń wo òǹkà láìkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, tí èmi àti òun fi lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá kan ilẹ̀kùn pọ̀.

"Ọjọ́ wo lo rí ìyẹn?" ó bi mí.

"Nísinsìnyí, sà."

"Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún." Ó dà bíi pé inú rẹ̀ dùn. Màmá ní ta ni ọkùnrin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ní Rárá ni. Ó ní rárá kọ́ ni òun béèrè, ta ni?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo fi ebi mẹ́mórì pa ẹ̀rọ ìdánwò ní ogún ẹgbẹ̀rún ìgbà. Òdo, òdo, òdo. Mo fi àtúnṣe náà ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

"Mo fọwọ́ sí i."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Wọ́n fi àtúnṣe sí ẹ̀rọ ilé ìpè. Àyẹ̀wò àárọ̀ lọ, ó bọ̀, òǹkà wà ní òdo, Oníkóríta sì jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí à ń wò, kó lè gba ìpè láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá bí àkọ́kọ́ bá lọ.

Ìdúró ló kù. Ìṣòro mi báyìí ni pé mo ń retí kó dákú. Mo ń jí láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò ni bóyá ó ti dákú, bí mo bá sì rí i pé kò dákú, inú mi á bàjẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pẹ́ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ò mí dáadáa. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo ń retí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Kò dákú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ó dákú! Agogo mọ́kànlá ku díẹ̀, ẹ̀rọ kejì gba iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá méje. Ìpè kan ló já, obìnrin náà fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà náà padà: ọwọ́ ọmọ kan ló há sí ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n ti yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ó fi ohun tí Oníkóríta rántí ránṣẹ́. Ibi méjìlélọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ibì kan náà. Ètò tó ń darí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì béèrè nǹkan lọ́wọ́ káàdì, káàdì ò dáhùn, ètò náà sì dúró síbẹ̀ ó ń béèrè, ó ń béèrè, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan mìíràn. Òun ló ń pa ẹ̀rọ. Kì í ṣe Akọ̀wé, kì í ṣe Oníkóríta.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ rí i bí?"

"Mo rí i. Ohun ìṣeré ọmọdé yẹn ṣiṣẹ́."

Ojú tì mí. Ó ní eré lòun ń ṣe. Kì í ṣe eré nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Àwọn tó ni káàdì ti tún ètò wọn ṣe: bí káàdì ò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó yí padà. Wọ́n ti fi sí ẹ̀rọ méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wa pé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ní kí n gba ìsinmi, mo ní mi ò mọ ohun tí mo máa fi ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ̀rọ ò dákú. Wọn ò kó iṣẹ́ wọn lọ. Obìnrin ilé ìpè kọ̀wé pé a ṣeun. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mi ò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ọkùnrin yẹn, òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n pè. Ó ní apá òsì òun náà ti ń rẹ òun, pé ṣé mo lè gba ìtọ́jú Oníkóríta lọ́wọ́ òun. Mo ní mi ò lè gbà á. Mo ní ṣùgbọ́n mo lè kọ orúkọ mi sábẹ́ tirẹ̀, ká jọ máa tọ́jú ilé méjèèjì, ti Akọ̀wé àti ti Oníkóríta, kí orúkọ tirẹ̀ sì wà lórí Akọ̀wé náà. Ó ní òun á rò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sí i ní gbàgede.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Màmá máa lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e. Mo ń bá a di ẹrù nígbà tí lẹ́tà kan wọlé láti ọ̀dọ̀ àjèjì kan tí a ò mọ̀ rí. Ó ní lórí irú ọpọlọ tuntun kan, Akọ̀wé kọ̀ láti wọlé, wọ́n ní àyè ti kún, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ara mi gbóná. Mo tún un kà. Mi ò tíì kà á tán tí fóònù fi dún.

"Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Tèmi ni àbí tìẹ?"

Mo jókòó sórí àpótí ẹrù Màmá. "Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀," ó wí. "Ṣí i. Máa kà á fún mi."